Mo Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Oníbàárà Ẹ̀gbọ́n Mi

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama bí a ṣe ń lo èdè náà, títí kan gbólóhùn kání, èyí tí ó máa ń ní "if" nínú. Gbólóhùn kání méjì péré, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ló ba ọjà ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Nígbà tí mo sì mọ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo dákẹ́. Mo jẹ́ kí ó máa di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi báyìí. Òun ló ní kí n kọ ọ́ síta, nítorí pé àwa tíṣà tí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí mo gbà kọ́ ọ pọ̀, àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ló sì ń bá àwọn òbí wọn kọ lẹ́tà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí. Olùkọ́ wa máa ń fa ìlà sójú pátákó, á pín in sọ́nà mẹ́ta: "Type One", "Type Two", "Type Three". Lábẹ́ èkínní, á kọ "If he comes, I will see him". Lábẹ́ èkejì, "If he came, I would see him". Lábẹ́ ẹ̀kẹta, "If he had come, I would have seen him". Gbogbo kíláàsì á wá máa ké e tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ṣì í ké, á jẹ ẹgba. Mo ké e débi pé bí ẹ bá jí mi lóru, màá kà á fún yín láìfì síbì kan. Mo mọ̀ pé "had" ló ń bá "would have" rìn, pé "will" kì í sábà jókòó ti "if". Mo yege dáadáa nínú ìdánwò WAEC, wọ́n sì yìn mí. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè rí ni èrò ẹni tó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyẹn nípa ọkùnrin tó yẹ kó wá náà. Ṣé ó rò pé ó ṣì lè wá? Ṣé kò fi bẹ́ẹ̀ retí rẹ̀? Àbí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ọkùnrin náà ò wá, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́? Ìbéèrè yìí gan-an ni gbólóhùn kání wà fún. A ké e, a kọ ọ́, a gba máàkì lórí rẹ̀, a ò sì dé ibẹ̀.

Mi ò ní dá àwọn ìwé lẹ́bi. "Practical English" tí Ogundipe àti Tregidgo kọ wà lọ́wọ́ wa, àpẹẹrẹ inú rẹ̀ sì dára. Olùkọ́ mìíràn tún ní kí a há ewì Rudyard Kipling tí wọ́n ń pè ní "If—" sórí, èyí tó jáde nínú ìwé ní 1910. Ìlà 32 ni, gbogbo rẹ̀ pátá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbólóhùn kání kan ṣoṣo: bàbá kan ń to àwọn ohun tí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe lé ara wọn, kò sì sọ èrè wọn títí ó fi dé òpin. Mo lè ka ewì náà láìwo ìwé títí di òní. Àgbà ni mo ti dà kí n tó ṣàkíyèsí pé láti òkè délẹ̀, Kipling ò lo "would" kankan nínú rẹ̀. "Can" àti "will" ló fi kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Ó ní láti rí bẹ́ẹ̀. Bàbá náà gbàgbọ́ pé ọmọ òun lè ṣe é. Ká ní "could" àti "would" ló lò ni, ohun tí ọmọ náà ì bá gbọ́ ni pé bàbá òun ò rò pé òun lè dé ibẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe mi ti wá gan-an nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í pe àgbà ní "o". "Ẹ" ni. Bí mo bá fẹ́ kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì sí ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ara mi kì í balẹ̀, nítorí "you" ni ti ọmọdé, "you" náà ni ti ọba. Mo ń wá ibi tí màá fi ọ̀wọ̀ náà sí. Ọwọ́ mi wá ba "would". Mo ti gbọ́ "Would you please" lẹ́nu àwọn tó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, mo sì rí i pé ó tutù ju "will you" lọ. Òótọ́ ni, ó tutù jù ú lọ. Ibi tí mo bá a dé ló burú. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá ṣe ń gùn sí i ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i: "will" fún ẹgbẹ́ ẹni, "would" fún àgbà, "would have" fún àlejò pàtàkì. Kò sí ìwé tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí olùkọ́ tó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń wá "ẹ" nínú èdè tí kò ní in, tí mo sì sọ ohun mìíràn di "ẹ".

Ẹ wo ìwé ìpè sí ìnáwó tó bá wà nítòsí yín, tàbí lẹ́tà ìwáṣẹ́, tàbí ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa rí i: "The programme would start at 10 a.m." Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn ni pé aago mẹ́wàá ni ètò máa bẹ̀rẹ̀. Kò sí "bí" kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ á máa retí ìyókù: ètò ì bá bẹ̀rẹ̀ laago mẹ́wàá, kí ló wá dí i lọ́wọ́? Láàárín ara wa, kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí à ń sọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá òkun ló ń dọ̀ràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, Ìtòkú ló sì ti ń tà á. Kámpálà tí wọ́n ń fi aró oníyẹ̀fun ṣe ló ń mówó wọlé fún un lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá wa kọ́ ọ. Wọ́n á fi làfún se ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ mú un yàwòrán sí ara aṣọ funfun, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un dáadáa. Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń yọ. Aró ẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò, á máa kan fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá tó lò, àfi kí a máa ti aṣọ bọ̀ ọ́. Tí a bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù, agbára rẹ̀ á tán, owó àti wàhálà orí rẹ̀ á sì bá a lọ.

Obìnrin òyìnbó kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn ẹnì kan, ó sì kọ ímeèlì sí wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fẹ́, aró ẹ̀lú gidi, yáàdì 300. Ó ní bí wọ́n bá tà, òun á máa gbà á lọ́dọọdún. Èmi ni mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi kà á, èmi náà ni mò ń bá a dáhùn, nítorí pé èmi ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ra aṣọ funfun, ó pe àwọn obìnrin tó ń bá a yàwòrán. Owó àsansílẹ̀ nìkan ló kù. Obìnrin náà wá kọ̀wé pé òun ń retí owó kan ní báńkì, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí òun tó rí i fi ránṣẹ́, ṣé kò ní pa wá lára.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Tíṣà, bá mi dá a lóhùn. Sọ fún un pé bó bá fi owó náà ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sì rí i fi ránṣẹ́, kó má dààmú, a máa dúró dè é. Sọ ọ́ dáadáa o. Má jẹ́ kó rò pé mò ń sìn ín lówó."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi," ni mo fi dá a lóhùn.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tó kù létí mi ni "sọ ọ́ dáadáa", mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe mọ dáadáa mọ. Mo kọ: "If you had sent the deposit before the end of this month, we would have started work immediately. If you had not been able to send it, we would have waited for you." Mo kà á sókè. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ tí èmi ì bá fi yíńkì pupa fà lábẹ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. "Had" wà níbi tó yẹ, "would have" wà níbi tó yẹ. Ó dùn mọ́ mi. Mo fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ìdáhùn dé. "I am so sorry to have missed it. I quite understand. Wishing you and your sister all the very best." Mo kà á, mo rí "sorry", mo rí "understand", mo rí "best". Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó bẹ̀bẹ̀ pé owó pẹ́, pé ọ̀rọ̀ wa yé e, pé ó ń kí i, ó sì ń ṣàdúrà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti dáa, èèyàn gidi ni." Ó ní òun ò fẹ́ kí owó dé bá òun láìmúra sílẹ̀. Ó da ẹ̀lú sómi.

Ohun tí mo kọ sí obìnrin yẹn, bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, òun nìyí: "Ká ní ẹ ti fi owó náà ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí ni, à bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ká ní ẹ ò rí i fi ránṣẹ́ ni, à bá ti dúró dè yín." Ẹ gbọ́ ọ bí ẹ ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò tí ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti parí nìyẹn. Oṣù náà ò sì tíì parí lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́! Gbólóhùn kejì tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìdúró tí ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí ni mo sọ di ìdúró tí kò wáyé. Bóyá ọ̀rọ̀ náà rú obìnrin yẹn lójú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi pẹ̀lẹ́pùtù sọ fún pé ọjà ti bọ́, tó sì jẹ́ ọmọlúàbí, kì í jà. Á tọrọ àforíjì, á kí wọn pé ó dàbọ̀, á sì wá ibòmíràn lọ. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn, mo sì túmọ̀ ìdágbére rẹ̀ sí ìlérí.

Ó pẹ́ kí n tó lóye bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe kì í yí ara padà. "Lọ" ni lónìí, "lọ" náà ni lánàá. Bí ohun kan bá ṣì lè ṣẹlẹ̀, "bá" ló máa sọ ọ́: bí ó bá lọ. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, "ká ní" tàbí "ì bá" ló máa sọ ọ́: ká ní ó lọ ni, ì bá ti rí wọn. Ọmọ kékeré tí kò tíì wọ iléèwé kì í fi ọ̀kan pe èkejì. Bí ó bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ẹ ì bá ra bọ́ọ̀lù fún mi", ìyá náà mọ̀ pé ẹjọ́ ni ó ń rò. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ì bá" lọ́tọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń mú ọ̀rọ̀ ìṣe ìgbà tó ti kọjá, á fi sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jìnnà sí òótọ́ tó. "If I had money": owó òní ni ẹni náà ń sọ, kì í ṣe ti àná, "had" ń sọ fún ọ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. "If he came tomorrow": ẹ wo "came" àti "tomorrow" tí wọ́n jókòó pọ̀, kò sì sí ìjà láàárín wọn, nítorí "came" ò sọ̀rọ̀ ìgbà níbẹ̀ rárá. "If I were you": ìwọ ni ìwọ, èmi ni èmi, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí "were" fi jókòó síbi tí "was" wà. Sún un sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ohun náà ti jìnnà. Sún un sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì, kó di "had come", kó di "would have", ilẹ̀kùn ti tì.

Ọ̀wọ̀ tí mo sì rí nínú "would you" kì í ṣe ìtànjẹ. Inú ìjìnnà kan náà ló ti wá. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kó má baà dà bíi pé ó ń fi agbára mú ni. Bí mo bá fẹ́ kí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi tutù, "If you could send the deposit by the end of the month, we would be very grateful" ì bá tó, ilẹ̀kùn ì bá sì ṣí sílẹ̀. Kódà kò pọn dandan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rán mi gan-an nìyí: "If you send the deposit by the end of this month, we will start work at once. If you need more time, please do not worry. We will wait for you." Inú "please do not worry" ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà, inú ìdúró tó ṣèlérí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ dáadáa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Aró náà tó lò, owó ò dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má sìn ín, òyìnbó kì í yẹ àdéhùn. Ó rẹ lára aṣọ náà sínú aró kó má baà ṣòfò, ìyókù aró bàjẹ́ sínú ìkòkò. Nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn, ó ní kí n kọ̀wé béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìdáhùn tó wá ni pé láti inú ìwé wa ni òun ti mọ̀ pé a ò lè gba iṣẹ́ náà mọ́, nítorí náà òun ti ra aṣọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, inú òun ò sì dùn sí i torí pé ti ẹ̀gbọ́n mi ni òun fẹ́. Mo padà sí ìwé tí mo kọ. Mo kà á. Mo rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Mo ní, "Ó ti ra tirẹ̀ níbòmíràn." Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ó pariwo, ó ní kí ló ṣe é, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo mi orí. Ìtìjú ló pa ẹnu mi mọ́: gbogbo ilé ló mọ̀ mí sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun gan-an ló sì fi owó àdìrẹ rán mi lọ iléèwé. Ó ta àwọn aṣọ náà ní Ìtòkú ní iye tí kò tó owó ẹ̀lú àti iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé àwọn tó ń rajà níbẹ̀ ń fi iye kámpálà díwọ̀n rẹ̀. Ó san nínú gbèsè náà, kò lè san tán. Ó ṣépè fún obìnrin yẹn lójú mi, mo sì dákẹ́.

Ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹlòmíràn láti òkè òkun, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà, wá béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. "Mi ò bá wọn ṣe ọjà ọ̀nà jíjìn mọ́. Ẹ̀tàn ló pọ̀ níbẹ̀." Èmi ni mo gbin èyí sí i lọ́kàn. Mi ò lè gbé e mọ́. Mo lọ bá a nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. Ó ní kí n gbé ìwé méjèèjì wá, èyí tí mo kọ àti ìdáhùn obìnrin náà, kí n kà wọ́n fún òun ní Yorùbá, kí n má fo ọ̀kankan. Mo kà á. Nígbà tí mo dé "ká ní", ó dá mi dúró. Ó ní, "Ìwọ lo lé e lọ." Lẹ́yìn náà ó béèrè ìbéèrè kan tí mi ò rí èsì fún: "Kí ló dé tí o ò kà á sí mi létí ní Yorùbá kí o tó fi í ránṣẹ́? Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ṣé mi ò gbọ́ 'ì bá' ni?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó ní èpè tí òun ṣẹ́ fún obìnrin tí kò ṣẹ òun ló ń dun òun ju owó lọ.

Mo kọ̀wé sí obìnrin náà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú inúure. Ó ti bá ẹlòmíràn wọ àdéhùn, kò sì sí àyè fún tiwa.

Ní kíláàsì, mi ò fi àtẹ onípele mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo máa ń kọ ọ́ ní Yorùbá sójú pátákó: "Bí òjò bá rọ̀, a ò ní lọ sóko." "Ká ní òjò ò rọ̀ ni, à bá ti lọ sóko." Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn: nínú èkejì yìí, ṣé òjò rọ̀? Gbogbo wọn ló máa ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó rọ̀. Ṣé wọ́n lọ sóko? Wọn ò lọ. Ta ló kọ́ yín? Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń yá. Mo máa ń fi èyí tí kò sí nínú àtẹ ìgbà tiwa hàn wọ́n pẹ̀lú, níbi tí ìdajì gbólóhùn wà ní àná, tí ìdajì wà lónìí: "If I had written a clear letter, she would be our customer today." Wọn ò mọ ìdí tí mo fi ń lo àpẹẹrẹ yẹn lọ́dọọdún. Mo máa ń fi hàn wọ́n bí "if" ṣe ń pòórá, tí "Had you sent it" á dúró fún "If you had sent it", tí "Should you need more time" á sì jẹ́ ọ̀rọ̀ oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò ti ilẹ̀kùn kankan. Mo máa ń sọ fún wọn pé àmì kékeré inú "I'd" lè jẹ́ "had" tàbí "would", ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ló máa sọ èyí tó jẹ́. Bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún bàbá rẹ̀ bá ṣi èyí mú, owó bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá ò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Iléèwé wà títí di òní tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, inú sì ń bí mi nípa rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde láti 1843. Ìwé gírámà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ jáde ní 1966. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọ́n ṣe dáadáa sí i ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Gbogbo èyí wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹgba kọ́ mi ní "Type Three". Ká ní olùkọ́ kan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan péré pé báwo ni ìyá rẹ ṣe ń sọ èyí nílé, mi ò bá tí kọ ìwé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba iṣẹ́ ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà náà. Ìgbéyàwó ti kọjá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ aṣọ ìkómọ. Èmi ni mo ṣì ń kọ ìwé, nítorí pé ó ní òun ò ní fi iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ lọ ẹlòmíràn, èmi ni kí n tún un ṣe. Kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ yí i padà sí Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, kí n kà á sí i létí lórí fóònù. Ó máa ń dá mi dúró. "Bá ni àbí ì bá?" Màá ní, "Bá ni, Àǹtí mi." Á ní kí n tún un kà. Gbèsè alájẹṣẹ́kù tó kù, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n máa yọ ọ́ títí tí yóò fi tán, kò sì sí "if" kankan nínú ìwé náà.